Fúláàtì Òkè Tí Ẹni Méjì Jọ Gbà

Ní ọdún 1977, taípíìsì ni Morádéún ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní wáàfù. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé, lókè ilé tí èmi náà ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fúláàtì ni: yàrá méjì, pálọ̀ kan, kíṣìnnì kan. Owó rẹ̀ ju agbára taípíìsì kan lọ, ìdí nìyẹn tí òun àti Ebiere fi jọ gbà á. Ọmọ Ijaw láti Bomadi ni Ebiere, ẹja gbígbẹ ló ń tà ní ọjà Marine Beach. Yàrá kọ̀ọ̀kan, pálọ̀ àjọlò, kẹrosíìnì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ètò wọn dáa ju ìgbéyàwó ẹlòmíràn lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, Bàbá Sàlímọ́tù tó ni ilé gun òkè lọ bá Morádéún lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun ń kó bọ̀ láti Kaduna pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ, kí wọ́n jáde níparí oṣù.

Ṣọ́ọ̀ṣì Morádéún ní lọ́yà kan tó máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn wọn láàárọ̀ Sátidé, tó ń gba àwọn ayálégbé nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún un láyè láti wá ní Sátidé. Kò bá lọ́yà sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀, ó sì mọ̀ pé èmi ti bá onílé ṣẹjọ́ rí nígbà tí mo ń gbé ní Ìjọra Badia. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Bàbá Raphael, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Kí ni lọ́yà máa bi mí?"

"Ohun tí onílé sọ, ohun tí ìwọ sọ, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Kó rìsíìtì rẹ dání. Má lọ sunkún níbẹ̀ o, èèyàn pọ̀ lórí ìlà."

"Ebiere nìkan ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ nìyẹn."

Ó wẹ̀yìn wò, ó lọ ti ilẹ̀kùn mi. "Mi ò tíì sọ fún un, sà. Obìnrin yẹn ti tà mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ebiere tí kì í sọ ju "gúmọ́nìn" fún onílé tẹ́lẹ̀ ti ń wọ pálọ̀ rẹ̀. Ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, ọwọ́ lásán ló gbé jáde. Bí Morádéún bá bi í pé kí ló dé, á ní kò sí nǹkan. Láti ìgbà náà ni Morádéún ti ń ti yàrá rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ kó tó lọ wẹ̀. Ó ti kó ata rẹ̀ kúrò ní kíṣìnnì.

"Ata ke?"

"Ata náà, sà! Ẹni tó lè ta ilé mọ́ mi lórí, kí ló kù tí kò lè dà sínú ata?"

"Jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí," mo ní. "Tí o bá jáde, wàá san owó ájẹ́ǹtì, wàá san owó sílẹ̀ fún onílé tuntun, wàá háyà ọkọ̀ ẹrù. Ìfura rẹ, èló ló ń pa wọlé?"

"Kò pa kọ́bọ̀."

"Ó dáa. Lọ pè é wá."

Kò lọ. Èmi ni mo lọ dúró nídìí àtẹ̀gùn, tí mo pariwo orúkọ Ebiere. Ó sọ̀ kalẹ̀, òórùn èéfín ń rùn lára rẹ̀, kò sì jókòó.

"Sátidé ni Morádéún ń lọ rí lọ́yà lórí ọ̀rọ̀ ilé yín," mo ní. "Ó yẹ kí ìwọ náà lọ."

"Lọ́yà ke?" Ó kọjú sí Morádéún. "Lẹ́yìn tó o ti gbé ilé fún bàbá yẹn tán? Abeg, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Èmi? Ta ló ń gbé ẹja lọ fún wọn?"

"Ta ló kúnlẹ̀ fún un? Mo wà ní kíṣìnnì, my two eyes dey there! Ó ní ká jáde, o kúnlẹ̀ gbàgà, o ní ẹ ṣé, sà. Wọ́n ń lé e jáde, ó ń dúpẹ́! Níbi tí wọ́n bí mi sí, tá ò bá gbà, orí ìdúró la ti ń sọ ọ́."

Morádéún ní, "Àgbàlagbà ni wọ́n. Ṣé kí n wá nàró lé wọn lórí ni? Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń bú mi, màá ṣì kúnlẹ̀."

"Ehn, bàbá náà kà á sí pé o ti gbà. Ohun tó sọ fún mi nìyẹn, ó ní ó ku èmi."

Mo bi Ebiere léèrè ohun tó ń wá lọ sọ́dọ̀ onílé. Kò purọ́.

"Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi yàrá tèmi sílẹ̀ fún mi. Ó ní tí mo bá lè san iye tuntun tóun fẹ́, kí n kó gbogbo fúláàtì."

"Ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ láti Kaduna ńkọ́?"

"Ọmọ wo? Ó ní kò sí ọmọ kankan tó ń bọ̀."

Morádéún fò dìde. "Ẹ ẹ̀ rí i! Bàbá Raphael, ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ! Ó tà mí lóòótọ́!"

Morádéún kò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu Ebiere nìkan ni àṣírí irọ́ onílé ti lè tú. Bó bá sọ ọ́ lójú lọ́yà, àwọn méjèèjì lè dúró sílé, ṣùgbọ́n fúláàtì tí wọ́n ṣèlérí fún un bọ́ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, gbogbo rẹ̀ di tirẹ̀. Mo là á yé àwọn méjèèjì bẹ́ẹ̀, n kò fi nǹkan kan bò.

"Onílé tó purọ́ fún ẹnì kejì rẹ lónìí," mo sọ fún Ebiere, "kí ló fẹ́ dá a dúró kó má purọ́ fún ìwọ náà lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Mo gbọ́," ló sọ. Ó gun òkè lọ.

Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti Morádéún bá Ebiere ní bọ́sítọ́ọ̀pù, ó ti débẹ̀ ṣáájú wa. "Mo fẹ́ mọ ohun tó máa sọ nípa mi," ló sọ fún mi. Kò kí Morádéún. Oníkálukú sanwó ọkọ̀ tirẹ̀.

Nígbà tó kàn wá, lọ́yà ní kí wọ́n máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì dìde pọ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ìkejì dá wọlé. Lọ́yà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ooru mú, wọn ò ti ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ wọn, mo sì ń rí wọn láti orí bẹ́ǹṣì.

"Sístà, ṣé ẹ gbà pé ẹ máa jáde?"

"Rárá, sà," ni Morádéún wí.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀, ṣé ó gbà?"

Mo gbọ́ tí àga Ebiere dún. Mo ti ń ronú owó ọkọ̀ ẹrù Morádéún.

"Ó kúnlẹ̀," ó ní. "Ó dúpẹ́. Àmọ́ mi ò gbọ́ kó ní òun máa jáde. Bàbá yẹn sọ fún mi pé kò sọ́mọ tó ń bọ̀ láti Kaduna. Owó ló fẹ́ fi kún owó ilé."

Lọ́yà ní kó tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má di ẹrù kankan, òun máa kọ̀wé sí onílé lórúkọ àwọn méjèèjì, àti pé kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má tún dá lọ bá a. Bí lọ́yà ṣe sọ gbólóhùn yẹn ni Morádéún yíjú wo Ebiere, Ebiere náà sì wò ó padà.

Bàbá Sàlímọ́tù gba ìwé náà, kò dárúkọ Kaduna mọ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó pe Morádéún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ọgbà, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kékeré kan bá a sọ.

"Ẹ dúró ná, sà," ni Morádéún wí. Ó gbójú sókè, ó sì pariwo pe Ebiere.