Ìbọ̀wọ́ Jàpáànù tí Mo Fi Òrí Bà Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó dáadáa. Ìtàn ìtìjú ni mo fẹ́ sọ lónìí, èmi gan-an ni mo sì wà nídìí ẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ ká dé ibi ẹ̀rín ná.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ ra ìbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù onígi fún ọmọbìnrin òun. Ẹ mọ bọ́ọ̀lù yẹn: ẹnì kan á jù ú, ẹnì kejì á fi igi gbá a, àwọn tó kù á máa fi ìbọ̀wọ́ awọ hán an. Ó ní èwo ló dáa jù, ti Jàpáànù ni àbí ti Amẹ́ríkà? Ó ní ṣebí Ọ́ńkù Lásísì ló mọ̀ nípa awọ nínú gbogbo wa.

Gbogbo ẹbí wá ń dúró de èsì mi. Mo pa fóònù, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Èmi àti ìbọ̀wọ́ Jàpáànù, ọ̀rọ̀ wà láàárín àwa méjèèjì.

Ìdímù l'Ékòó là ń gbé nígbà náà. Owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàn wọ ìlú, gbogbo ọ̀dọ́ ló fẹ́ wọ bàtà gáráńtì, bàtà tí ìdí ẹ̀ ga bí àpótí ìjókòó. Wọ́n á fi jó lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìdí ẹ̀ á ti já. Ṣúmékà ni mí. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí mi sí, nílé àwọn oníṣẹ́ awọ. Pírámárì mẹ́rin ni mo kà tí bàbá mi fi ní kí n wá jókòó ti awọ jàre. Nítorí náà, tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ awọ, ṣe ni mo máa ń gbé àgbọ̀n sókè.

Òyìnbó nìkan ló máa ń jẹ́ kí n gbé e wálẹ̀. Ẹ̀rù wọn máa ń bà mí ju ẹ̀rù ejò lọ! Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan o. Èdè wọn ni. Tí òyìnbó bá ti kí mi báyìí, gbogbo Gẹ̀ẹ́sì pírámárì mẹ́rin á sá lọ, á wá ku “yẹ́ẹ̀sì sà” nìkan.

Mùfútàù ò rí bẹ́ẹ̀. Mùfú àti èmi jọ ń gbé inú ilé kan náà ni, yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi. Dírẹ́bà ni ní kọ́ńpìnnì kan tó ń la ọ̀nà lápá Ìgándò. Injiníà kan tó wá láti Jàpáànù ló ń gbé kiri, ọkùnrin tí kò ga ju èjìká mi lọ. Ọ̀gá Kékeré là ń pè é. Ará Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó ga bí òpó iná, Ọ̀gá Gíga nìyẹn. Ní gbogbo Sátidé, àwọn àtàwọn ẹgbẹ́ wọn á máa gbá bọ́ọ̀lù onígi lórí pápá tí katapílà ti tẹ́.

Mùfú ò tíì gba lẹ́tà iṣẹ́. Wọ́n ní tó bá fi máa di ìparí oṣù yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Oyún ìyàwó ẹ̀ sì ti wọ oṣù kẹjọ. Gbogbo ilé ló ń bá a ṣàdúà lórí lẹ́tà yẹn.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bọ̀dá Lásísì ni àwọn yòókù ń pè mí nínú ilé. Mùfú ní tiẹ̀, “Bọ̀dá mi” ló máa ń pè mí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó gbé ìbọ̀wọ́ méjì wá sí ìsọ̀ mi. Ọ̀kan jẹ́ ti Ọ̀gá Gíga, ìkejì jẹ́ ti Ọ̀gá Kékeré. Eku ló ti gé okùn awọ tí wọ́n fi so ìka wọn pọ̀.

“Bọ̀dá mi, ẹ bá wọn pààrọ̀ okùn. Okùn nìkan o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọ̀gá Kékeré sọ ọ́.”

“Mùfú, ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ mi níṣẹ́ awọ ni?”

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ.”

Ó lọ. Ẹ wá wo èmi! Mo ki ọwọ́ bọ ti Amẹ́ríkà. Ha! Awọ màlúù tó nípọn, tó wúwo, tó tóbi bí abẹ̀bẹ̀, síbẹ̀ tó rọ̀ bí ìrọ̀rí. Wọ́n ti fi epo pa á láti ilé iṣẹ́ ẹ̀ wá. Tí mo bá ká ìka díẹ̀ báyìí, á pa dé fúnra ẹ̀. Ojú rírán ẹ̀ gbòòrò, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Mo bọ́ ọ, mo wọ ti Jàpáànù. Ìyẹn kéré, ó fúyẹ́, ojú rírán ẹ̀ ṣù mọ́ra débi pé mi ò rí ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí ibi tó parí sí. Nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, mo mọ̀ pé ẹni tó rán an mọṣẹ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ó le! Mo ká ìka, ó ní òun ò ní í ká. Ṣe ló ń bá ọwọ́ mi jà.

Mo wá gbé ohùn sókè fún Sàlàmì télọ̀ tí a jọ ń lo ìsọ̀. Mo ní ti Amẹ́ríkà yìí ni ìbọ̀wọ́, ti Jàpáànù, wọ́n kánjú ṣe awọ ẹ̀ ni, kò jinná.

Sàlàmì ò tiẹ̀ gbójú sókè lórí máṣíìnì ẹ̀. “Lásísì, ibo ni wọ́n ti ṣe rédíò tó ń kọrin sí ẹ létí yẹn?”

“Jàpáànù ni. Rédíò kì í ṣe awọ!”

“Okùn ni wọ́n ní kó o pààrọ̀ ṣá.”

Ǹjẹ́ mo gbọ́? Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, awọ tó bá ń bá ọwọ́ jà, a kì í dá a padà fún oníbàárà bẹ́ẹ̀. Àbùkù gbáà ni! A máa rẹ ẹ́ sómi mọ́jú ni, a máa fà á, a máa fi òrí pa á, a wá máa fi òòlù onígi lù ú títí táá fi gbọ́ràn. Bí a ti ń ṣe àpò nìyẹn, bí a ti ń ṣe gàárì ẹṣin àti ìrọ̀rí awọ nìyẹn. Ta ló máa sọ fún mi pé ìbọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù kì í ṣe ìrọ̀rí?

Mo rẹ ẹ́ sómi. Lọ́jọ́ kejì, mo sá a sóòrùn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti ká jọ, ó le gbandi bí pọ̀nmọ́ gbígbẹ. Mo sáré wọlé, mo gbé igbá òrí ìyàwó mi, mo fi pa á. Kò gbọ́. Mo fi kún un. Mo gbé òòlù. Gbà! Gbà! Gbà! Sàlàmì ń wò mí lábẹ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó dá máṣíìnì ẹ̀ dúró. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Nígbà tí mo fi máa sinmi, awọ náà rọ̀ lóòótọ́. Ó rọ̀ kọjá ààlà. Ó dúdú, ó ń yọ̀, ìka máràrùn-ún ti wó bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀. Tí mo bá nà án dúró, ṣe ló máa ń ṣubú bí ẹni tó dákú.

Kí ni mo wá ṣe? Mo fi okùn tuntun sí i. Okùn tó rẹwà! Bí ẹni ra fìlà tuntun fún òkú ló rí.

Nígbà tí Mùfú dé lọ́sàn-án Fúráídè, ó gbé ti Amẹ́ríkà, inú ẹ̀ dùn. Ó gbé ti Jàpáànù, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Bọ̀dá mi, kí ló ṣe eléyìí?”

Mo ní bí awọ wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé ooru Èkó ni kò bá a lára mu.

“Ṣé ẹ ò fi nǹkan kan sí i ṣá?”

“Wàláhì, okùn nìkan ni mo pààrọ̀.”

Ẹ gbọ́ o. Mo búra! Èmi tí mo kírun Jímọ̀ tán láìtíì pé wákàtí kan! Mùfú wò mí, ojú ẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, “Tí ẹ bá ti búra, Bọ̀dá mi, ó parí.” Ó gbé e lọ. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí.

Láàárọ̀ Sátidé, mo rí jíìpù kọ́ńpìnnì tó ń bọ̀ lókèèrè. Mi ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe ṣe é. Kí n tó ronú, mo ti wà lábẹ́ tábìlì Sàlàmì, láàárín àwọn aṣọ tí kò tíì rán. Èmi, baba ọmọ mẹ́ta!

Ọ̀gá Kékeré kò pariwo. Mò ń gbọ́ ohùn ẹ̀ jẹ́jẹ́, mò ń gbọ́ tí Mùfú ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ mi kan yọ síta, Sàlàmì fi bàtà ẹ̀ tì í wọlé. Nígbà tí jíìpù lọ tán, ó gbé aṣọ sókè, ó bojú wò mí nísàlẹ̀.

“Jáde wá, wọ́n ti lọ. Ṣé o mọ ohun tí Mùfú sọ? Ó ní ṣúmékà tó ṣe é kì í purọ́, pé ó ti búra fún òun. Ó ní á jẹ́ pé òun lòun fi í sínú mọ́tò nínú oòrùn lánàá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin yẹn bi í. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ni.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù lọ́wọ́ Mùfú, wọ́n ní kó lọ máa wa típà oníyanrìn. Ní ti lẹ́tà, wọ́n ní kó ṣì ní sùúrù. Ẹni tí kò lè tọ́jú ìbọ̀wọ́ ọ̀gá, báwo ló ṣe máa tọ́jú mọ́tò ọ̀gá?

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi dákẹ́. Láràárọ̀ ni Mùfú ń kí mi pẹ̀lú yanrìn nínú irun: “Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi.” Ilẹ̀ ni mo máa ń wò tí mo bá fẹ́ dá a lóhùn.

Ìyàwó mi, Sìkírá, ló fòpin sí i. Ó ti wá igbá òrí ẹ̀ títí, ìsọ̀ mi ló ti bá a, irun awọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Kò pariwo mọ́ mi o. Ó kàn gbé igbá náà síwájú mi bí ẹni gbé oúnjẹ fúnni.

“Bàbá Ráṣídì, ṣé kí ìyàwó ẹ̀ tó bímọ lẹ máa lọ jẹ́wọ́ ni, àbí lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ? Tí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ. Màá sì gbé igbá yìí dání.”

Bí mo ṣe gba Ìgándò lọ ní Sátidé nìyẹn. Mo dúró létí pápá, mò ń wá Mùfú, àfi bí wọ́n ṣe gbá bọ́ọ̀lù kan sókè báyìí, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi! Mo dojú bolẹ̀, mò ń ké “Allahu Akbar!” Bọ́ọ̀lù ọ̀hún balẹ̀ síbi tó jìnnà sí mi tó ilé mẹ́ta. Òyìnbó ń rẹ́rìn-ín, àwọn lébìrà ń rẹ́rìn-ín. Mùfú ló sáré wá gbọn eruku ara mi.

“Bọ̀dá mi! Ṣé kò sí o? Kí lẹ wá ṣe níbí?”

Mo ní kó mú mi lọ bá Ọ̀gá Kékeré, kó bá mi túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan. Ta ni ǹ bá tún ní kó bá mi túmọ̀ ẹ̀? Òun nìkan ni mo mọ̀ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n yá a ló wà lọ́wọ́ Ọ̀gá Kékeré, ó tóbi lọ́wọ́ ẹ̀ bí báfù. Mo wolẹ̀.

“Mùfú, sọ fún wọn pé èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni kí ni?”

“Sọ pé mo rẹ ẹ́ sómi.” Ó sọ ọ́. “Sọ pé mo fi òrí pa á.” Ohùn ẹ̀ wálẹ̀, ó sọ ọ́. “Sọ pé mo fi òòlù lù ú.”

Mùfú yíjú sí mi.

“Sọ fún wọn pé mo búra irọ́ fún ẹ.”

Ọ̀gá Kékeré ń wo èmi, ó ń wo Mùfú. Nígbà tí Mùfú wá sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tó sọ gùn ju Yorùbá tí mo sọ lọ. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó fi kún un.

Ọ̀gá Kékeré wá fèsì. Mùfú túmọ̀ ẹ̀ láì wo ojú mi. Ó ní, “Wọ́n ní ti Amẹ́ríkà ti rọ̀ kó tó dọ́wọ́ ẹni tó rà á. Tiwọn, wọ́n máa ń jẹ́ kó le ni, kí ọwọ́ ẹni tó ni ín lè fúnra ẹ̀ mú un rọ̀. Ọdún méjì làwọn ti fi ń mú tàwọn yìí rọ̀. Ó kù díẹ̀ kó rọ̀ tán.” Ó fi kún un, “Wọ́n ní okùn yín dáa.”

Okùn mi dáa! Ìgbátí ì bá sàn jù fún mi.

Wọ́n dá Mùfú padà sórí jíìpù. Lẹ́tà náà jáde ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí ìyàwó ẹ̀ bí ọmọkùnrin. Ó yà ní ìsọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá Ṣúmékà. Wọ́n ti fún mi ní lẹ́tà.”

Ọ̀gá Ṣúmékà! Sàlàmì gbọ́ ọ, ó sọ ojú kalẹ̀ sórí aṣọ. Bí Mùfú ṣe ń pè mí nìyẹn títí tó fi kó lọ sí Ìṣẹ̀rí. Ó ń kí mi, ó ń dọ̀bálẹ̀, kò fi ohunkóhun dù mí. “Bọ̀dá mi” nìkan ni mi ò gbọ́ mọ́. Bàtà ẹ̀ pàápàá, ọ̀dọ̀ ṣúmékà mìíràn ní Ìkòtún ló ń gbé e lọ.

Mo ti fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lésì báyìí. Mo ní tí ọmọ ẹ bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́la, ti Amẹ́ríkà ni kó o rà. Tó bá ní sùúrù, ra ti Jàpáànù fún un, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a mú un rọ̀, pàápàá jù lọ ọ́ńkù ẹ.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: iṣẹ́ tí wọ́n bá rán yín ni kí ẹ jẹ́. Tí ẹ bá sì ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè sọ, kí ẹlòmíì tó fi ara ẹ̀ dí i fún yín. Ìbọ̀wọ́ tí mo bà jẹ́ ṣeé rà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti bá yín ru ẹ̀bi yín rí, tí ẹ wà lábẹ́ tábìlì tí ẹ ń gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kí n dá nìkan tijú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì mọ Mùfútàù dírẹ́bà tó kó lọ sí Ìṣẹ̀rí nígbà yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ṣì wà. Mi ò ní kó pè mí ní Bọ̀dá mi. Kó ṣáà gbé bàtà ẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, kí n bá a pààrọ̀ okùn ẹ̀. Okùn nìkan.