Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Kò Gbọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wa ọkọ̀ oníná, òjò ṣú, inú mi náà sì ṣú. Ó yẹ kí n máa yọ̀. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tuntun nílẹ̀ yìí, tilé tọ̀nà ni yóò máa bi í pé ìgbà wo la máa wẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n n kò ra tèmi fún fáàrí. Òwu ni mò ń gbé, Òṣíẹ̀lẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù ló sì lé mi dédìí ọkọ̀ kékeré tí à ń ki wáyà bọ̀ bíi fóònù. Ọkọ̀ náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Bàbá mi ni mò ń rò.

Bàbá mi wa bọ́ọ̀sì láti Kútọ̀ lọ sí Èkó títí irun orí wọn fi funfun. Lẹ́yìn náà ni àìsàn kan wọ ojú wọn, ó ń jí ìríran wọn díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ku nǹkan kan. Etí ló ṣẹ́ kù. Wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa gbọ́ ọkọ̀ àdúgbò bí ẹni ń kí èèyàn. "Onígáàsì nìyẹn. Bíréèkì ẹ̀ máa tó tán." Ti ọkọ̀ mi àtijọ́ kò tiẹ̀ le rárá, nítorí páìpù èéfín rẹ̀ ti jò, ariwo rẹ̀ lè jí òkú. Kí n tó yọ ní kọ́nà ni bàbá mi á ti pe àbúrò mi obìnrin tó ń tọ́jú wọn: "Ọmọ mi ti dé. Bu omi sílẹ̀ fún un."

Lójoojúmọ́ ni. Àbúrò mi ló ń fún wọn lóúnjẹ, òun ló ń mú wọn lọ balùwẹ̀, òun ló ń bá wọn wá bàtà. Gbogbo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹlòmíràn ló ń sọ fún wọn. Dídé mi nìkan ni àwọn náà máa ń sọ fún ẹlòmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni a kì í fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Bàbá mi kò gbà á láti kékeré wa. "Àlejò ló ń fọn fèrè," wọ́n á ní. "Ọmọ ilé, ohùn ọkọ̀ ẹ̀ ti tó."

Ní Kútọ̀ ni mo ti lọ gba ọkọ̀ oníná náà. Mo jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti wá pa á báyìí," ni ọkùnrin tó tà á fún mi wí. "Ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀."

Mo bú u nínú mi, mo bú ara mi mọ́ ọn. Nígbà tí ọkọ̀ náà gbéra, ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí àga tí ẹnì kan sì ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ òsì mi ń wá kílọ́ọ̀ṣì, kò rí i. N kò mọ̀ pé agboòrùn tí mo máa ń jù sẹ́yìn ọkọ̀ máa ń yí gbirigbiri, ọjọ́ náà ni mo gbọ́ ọ. N kò tíì jìnnà sí gáréèjì tí obìnrin kan tó gbé búrẹ́dì fi já sí títì níwájú mi, láìwo ọ̀tún, láìwo òsì. Etí ni wọ́n fi ń sọdá títì ní Kútọ̀. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró.

"Ẹ fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ pa mí ni?" ló fi lọgun.

Bí olójú méjì kò bá gbọ́ mi, bàbá mi ńkọ́?

Mo ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ tí mo fẹ́ rà, iná ló ń lò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀ wo ni kò lo iná, kí ni bátìrì wà fún? Ẹ̀rù bà mí láti ṣàlàyé.

Mo dé ilé. Mo dúró síwájú wọn gan-an, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń wò wọ́n. Ojú wọn kọ sí kọ́nà. Ọkọ̀ kan kọjá, wọ́n gbé orí sókè, wọ́n tún sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ó yẹ kó ti dé," wọ́n wí fún àbúrò mi nínú ilé. "Àbí ọkọ̀ ẹ̀ tún ti bàjẹ́ lọ́nà?"

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹsẹ̀ lo fi rìn?"

"Rárá, Bàbá. Ọkọ̀ tuntun ni mo gbé wá kí ẹ ṣàdúrà sí i."

Nínú ẹbí wa, ọkọ̀ kì í gbé èrò kí bàbá mi tó gbọ́wọ́ lé imú rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọwọ́ wọn. Ọkọ̀ tó ń mí ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ débẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e.

"Ṣíná sí i."

"Mo ti ṣíná sí i, Bàbá."

Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ kejì lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi etí tì í. Nígbà tí wọ́n nàró, ojú wọn ti le.

"Ojú mi ló fọ́," wọ́n ní. "Orí mi ò tíì dàrú. Má fi mí ṣeré."

Inú bí mi. Inú máa ń tètè bí mi, bàbá mi náà ni mo fi jọ. Mo ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ kí wọ́n fara wọn rí i. Mo gbé wọn lọ sí ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀. Láyé ọkọ̀ àtijọ́, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń kérora ni wọ́n ti mọ òkè tí à ń gùn, wọ́n á sì máa ka àdúgbò fún mi.

"A ti gbéra?"

"Ó ti pẹ́, Bàbá."

"Níbo la wà?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n tún bi mí, mo tún sọ. Nígbà tó yá, wọn kò bi mí mọ́. Wọ́n di ilẹ̀kùn mú gírígírí.

"Ó dà bí ẹni pé mo ti kú, tí ẹ ń gbé mi lọ," wọ́n ní. "Dá mi padà sílé."

Mo yí ọkọ̀ padà, mò ń sunkún, mo sì dúpẹ́ pé òjò ti ń rọ̀, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ẹkún mi.

Nílé, wọn kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà mọ́. Orí mi ni wọ́n fọwọ́ wá, wọ́n kọ́kọ́ kan etí mi, wọ́n kan iwájú orí mi. "N ò mọ nǹkan yìí," wọ́n ní. "Ìwọ ni mo mọ̀." Àdúrà náà gùn. Mò ń ṣe àmín.

Mo padà wá ọkọ̀ àtijọ́ náà lọ lọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Ó ti tú u tà.

Nísinsìnyí, bí mo bá dé kọ́nà nírọ̀lẹ́, mo máa ń rọra tẹ fèrè. Mo ti ṣàlàyé fún bàbá mi pé èmi ni, wọ́n sì ti ní àwọn gbọ́. Síbẹ̀, bí fèrè bá ti dún, màá rí i láti inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé orí sókè, tí wọ́n kọjú sínú ilé, tí wọ́n sì pe àbúrò mi.

"Lọ wo ẹnu ọ̀nà," wọ́n á ní. "Àlejò dé."