Bàálù Aago Mẹ́fà

Iléeṣẹ́ bàálù kékeré kan ní Marshalltown ni mo ti ń tẹ lẹ́tà, ọ̀gá mi sì ti fẹ́ẹ́ túúbá. Ìjọba ló ń pín àkókò tí bàálù kọ̀ọ̀kan lè balẹ̀ ní Johannesburg, iléeṣẹ́ ńlá kan sì ti gba gbogbo òwúrọ̀. Wọ́n ní aago mẹ́fà ò ṣófo.

Irọ́ gbuu! Àwa ọmọ ìjọ aláṣọ funfun máa ń gbàdúrà ìdájí ní pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí, láìwọ bàtà. Mi ò rí bàálù kankan kó balẹ̀ láago mẹ́fà rí. Inú bí mi. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé orin mi, lójoojúmọ́, pé bàálù kankan ò balẹ̀. Ọ̀gá gbé e lọ bá ìjọba. Òṣìṣẹ́ wọn kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá lọ wò ó fúnra rẹ̀, ó sì gba àkókò náà fún wa.

Láàárọ̀ tí bàálù wa kọ́kọ́ balẹ̀, wòlíì ìjọ wa dá àdúrà dúró. Ó fìbínú bèèrè ẹni tó ń pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Èmi ni, Bàbá." Mi ò sì dáwọ́ dúró.