Àyẹ̀wò Ẹ́ńjìnnì Lọ́jọ́ Tí Bàbá Wa Kú

Òwúrọ̀ ni àbúrò mi obìnrin pè mí láti Kábà pé bàbá wa ti ń mí gúlegúle, pé èmi àkọ́bí ló ń bèèrè. Èkó ni mo ń gbé. Ẹ̀rù ọ̀nà Ọ̀mùò, tó yá jù láti Èkó wálé, ń bà mí nítorí àwọn ajínigbé, ni mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Àbújá, kí n lè ti ibẹ̀ wọ mọ́tò gba Lọ́kọ́ja wálé.

A ti jókòó, a ti de bẹ́líìtì, kí wọ́n tó ní ká sọ̀kalẹ̀. Àṣẹ ti dé pé irú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ gbéra àfi tí wọ́n bá yẹ àwọn bíléèdì fáànù rẹ̀ wò, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń yí lẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀kan bá sán, tó já lójú òfuurufú, ó lè ba ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ pátápátá.

Láti ojú fèrèsé pápákọ̀ ni mo ti ń wo ọkùnrin kan lórí àkàbà. Ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn bíléèdì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ pa wọ́n bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Mo kórìíra ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí yẹn.

Lọ́sàn-án, àbúrò mi tún pè.

“Àǹtí, ẹ ti dé ibo?”

“Mo ṣì wà l'Ékòó. Wọ́n ń yẹ ẹ́ńjìnnì wò.”

Mo gbọ́ tí Ìyé, bí a ti ń pe ìyá wa, figbe ta lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù já.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé àwọn ò rí àléébù kankan. Ọkọ̀ gbéra. Mo sunkún dé Àbújá.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó débẹ̀, nítorí náà ọjọ́ kejì ni mo wọ Kábà. Àwọn aládùúgbò ń kí mi, “Okun o,” bí a ti ń kíni nílé. Àbúrò mi ò kí mi.

“Ẹ̀ bá ti gba ọ̀nà Ọ̀mùò,” ló sọ.

Ìyé fà mí jókòó sórí ẹní. “Kí ni wọ́n wá rí níbẹ̀?”

“Wọn ò rí nǹkan kan.”

“Ká ní nǹkan wà níbẹ̀, tí wọn ò sì wò ó ńkọ́?”

Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò tù mí nínú.

Nígbà tí a dé mọ́ṣúárì, mo di ẹsẹ̀ bàbá mi mú. Ó tutù. Àbúrò mi dúró síta, kò wọlé. Títí dòní, a máa ń kí ara wa, ṣùgbọ́n a kì í jókòó pẹ́ pọ̀ mọ́.