Kọ́kọ́rọ́ Tó Lọ Kírun Jímọ̀

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi mọ́ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Mùsùlùmí ni mí, ilé tí wọ́n ti ń jí jẹ sààrì ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi àgádágodo ti àwọn ìyá ọlọ́mọ mọ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kó má fi orúkọ Ọlọ́run bo ọ̀rọ̀ náà lójú mi.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé iṣẹ́ náà wà, lókè ilé àtijọ́ kan tó fara ti àwọn ilé yòókù. Ọ̀rá la ń ṣe níbẹ̀, èyí tí àwọn ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà àti Èbúté Èrò fi ń di ọjà fún oníbàárà. Ẹ̀rọ á yọ́ rọ́bà, á fẹ́ ẹ jáde, àwa obìnrin á gé e, a ó sì lẹ ìdí rẹ̀ pọ̀. Àtẹ̀gùn méjì ni ilé náà ní. Ti iwájú gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Ti ẹ̀yìn ní ilẹ̀kùn onírin, ilẹ̀kùn yẹn ló sì dá gbogbo ìjà sílẹ̀.

Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ kì í pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ lè sọ tó máa wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí àwọn tí ìjọba rán láti máa yẹ ilé iṣẹ́ wò sọ pé dandan ni kí ẹnì kan máa mójú tó ààbò, èmi ló pè, torí pé mo kàwé díẹ̀, mo sì lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ ni sẹ́fítì ọ́físà wa láti òní lọ." Ó fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn. Mo wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n wá yẹ̀ wá wò. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ báyìí, akọ̀wé rẹ̀ ti nawọ́ sí mi pé kí n bọ́ ọ, kó má baà dọ̀tí. Sílíńdà panápaná ńkọ́? Inú ọ́fíìsì Alhaji ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, kí olè má baà gbé e. Bí iná bá sọ, kéèyàn kọ́kọ́ lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ná.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ó pẹ́ tí àwọn ọmọ ìta ti gba ibẹ̀ wọlé tí wọ́n jí ẹrù kó. Láti ìgbà náà ni Alhaji ti ní kí wọ́n máa fi àgádágodo tì í láti ìta, máígádì ló sì ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó sàn díẹ̀, èèyàn lè fi igbe pe máígádì. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ọkùnrin á lọ kírun, àwa obìnrin á dúró ti ẹ̀rọ, torí ìdí iṣẹ́ ni àwa ti ń kí ìrun tiwa. Máígádì á tilẹ̀kùn, á ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò jalabíyà rẹ̀, á bá àwọn yòókù lọ. Wọ́n ní ààbò wa ni wọ́n ń rò, kí àwọn ọmọ ìta má baà ká àwa nìkan mọ́lé.

Mo bá Alhaji sọ ọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí máígádì bá ń lọ kírun, ẹ jẹ́ kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wa."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò mú un? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ ó kàn gbàgbé ẹ síbì kan ni. Fọkàn balẹ̀. Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n mú iná lọ, wọ́n tún mú un dé lójijì, agbára rẹ̀ sì ju bó ṣe yẹ lọ. Wáyà ẹ̀rọ gbiná. Iná ran ìgékù ọ̀rá tó wà nílẹ̀, kí a tó pajú pẹ́, a ò lè gba àtẹ̀gùn iwájú mọ́. Èéfín dúdú bo gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n, obìnrin tó dàgbà jù nínú wa, tó tún kọ́ mi níṣẹ́, bọ́ híjáàbù rẹ̀, ó ń fi lu iná. Rọ́bà yíyọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Igbe tó ké lọ́jọ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi.

A sáré lọ sẹ́yìn. A lu ilẹ̀kùn, a fi èjìká gbún un, kò mì. Mo sáré sójú fèrèsé, mo fojú sáàárín irin, mo sì rí wọn nísàlẹ̀. Ẹní ìrun kún títì, torí mọ́sálásí kò gba èèyàn tán. Mo rí máígádì wa. Kò jìnnà. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Mo fi orúkọ pè é. Mo fi orúkọ ìyá rẹ̀ pè é. "A ń kú o!" Kò yíjú. Ẹ̀sìn wa gbà kéèyàn já ìrun láti gba ẹ̀mí là, ọmọ ilé kéú pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn, ló já ìrun tirẹ̀. Ó mú irin kan nílẹ̀, ó sáré gba ẹ̀yìn ilé gòkè, ó sì fi já àgádágodo náà. A wọ́ ara wa jáde, à ń wúkọ́. Kí n tó ríran dáadáa láti dúpẹ́, ó ti lọ. Àwọn ará àdúgbò ló pa iná náà kó tó ran gbogbo ilé.

Òórùn èéfín kò tíì kúrò lára aṣọ wa tí ẹ̀bẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Alhaji kò wá fúnra rẹ̀. Ó rán àwọn àgbà àdúgbò sí wa, agbo ilé dé agbo ilé, kí a sọ fún ìjọba pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. "Ẹ bò ó. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ pa, níbo lẹ ti fẹ́ jẹun?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbà. Mo ní èmi ò ní purọ́. Wọ́n wá ń wò mí bíi pé èmi ni mo dáná sunlé.

Ọ̀gá tí ìjọba rán bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ṣíṣí gbayawu. Wọ́n ti yọ irin tí wọ́n ń fi àgádágodo kọ́, wọ́n ti kun ún ní ọ̀dà tuntun, ọ̀dà náà kò sì tíì gbẹ. Ọ̀gá fọwọ́ kàn án, ó nu ìka rẹ̀. Inú bí mi gidigidi.

Ó béèrè bóyá wọ́n ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, láti ìta." Àwọn yòókù ní ó ṣí. Ó wá kọjú sí Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n fi báńdéèjì di lọ́wọ́.

"Màmá, ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí, sà."

"Tó bá ṣí, kí ló dé tẹ́ ẹ ò gbabẹ̀ jáde?"

Àwọn àgbà kò kọ́ ọ ní ìdáhùn ìyẹn. Ó wo Alhaji tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wolẹ̀. "A ò mọ̀ pé ibẹ̀ ló yẹ ká gbà, sà. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa."

"Ta ni sẹ́fítì ọ́físà yín?"

Gbogbo wọn wò mí.

Bí ẹ̀bi ṣe kúrò lọ́rùn ẹni tó tilẹ̀kùn nìyẹn, tó bọ́ sọ́rùn ẹni tó ní kí wọ́n ṣí i. Alhaji fi ohùn pẹ̀lẹ́ lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ṣàdúrà fún mi. Mi ò ṣe àmín.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n wá sílé mi. Mi ò fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

"Má bínú, àbúrò mi," ó ní. "Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ padà. Alhaji ló ń sanwó ìtọ́jú ọwọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?"

"Inú ń bí mi, Ẹ̀gbọ́n. Inú yín ló ń bí mi jù, ju ti Alhaji lọ."

Ó ń bẹ̀ mí lọ, mo ń wò ó. Mo wá bi í pé, "Jímọ̀ tó kọjá ńkọ́? Nígbà tí wọ́n lọ kírun, ṣé wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ fún yín?"

"Wọ́n ti ra àgádágodo mìíràn."

"Ta ló mú kọ́kọ́rọ́?"

"Máígádì ni."