Káàdì tí kì í pariwo

Ọdún tí màmá mi kú, etí ọ̀tún nìkan ló kù tí bàbá mi fi ń gbọ́ràn, òun náà sì ti ń dí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí dókítà fi sí wọn létí ò pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló ń han bí ẹ̀fọn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n jù ú sínú ife. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ kí etí tó kù yẹn tó lọ: kí wọ́n tún gbọ́ bí màmá mi ṣe máa ń kì wọ́n.

Láràárọ̀ ni màmá máa ń kì wọ́n nílé wa ní Òsí. Bí a bá ti ṣe àdúrà tán, tí bàbá bá ti mú àdá oko, màmá á kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ a-gòkè-má-mí-hẹlẹ..." Bàbá á gbé èjìká sókè díẹ̀, bíi pé wọn ò gbọ́ ọ rí. Ní Ọdún Àjíǹde tó ṣáájú ikú màmá, ọmọ àbúrò mi fi fóònù tó gbé wá láti Èkó ká a sílẹ̀ ní fídíò. Màmá jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bẹ iṣu, wọ́n ń bú wa pé a ti sanra jù. Bàbá ń ti oko bọ̀, màmá sì gbé oríkì sẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ní kí n gbé fóònù náà sí bàbá létí. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀.

"Éè ṣe ohùn nìkan ni mo fẹ́," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ rí ẹnu rẹ̀."

Tẹlifíṣàn páálọ̀ ò mọ irú fídíò náà. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo so mọ́ ọn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ ò gbé e: àwòrán á dúró gbagidi, ohùn màmá á máa já. Káàdì àwòrán ni kò ní, ìyẹn pátákó kékeré tí ń bá kọ̀ǹpútà ru ẹrù àwòrán. Àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n kúkú fún fídíò náà pọ̀ kó lè fúyẹ́. Mo fárígá. Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ojú ìyá ẹ̀ di bàìbàì?

Ní Ìlọrin tí mò ń gbé, ọlọ́jà tí mo lọ bá béèrè pé ṣé ọkọ mi ti kọ èyí tó fẹ́ kí n rà sínú ìwé. Mo wò ó látòkè délẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà nílé-ìwé ti gbọ́n jù ú lọ. Ara ẹ̀ wálẹ̀. Ó gbé méjì síwájú mi, tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ọ̀kan ní fáànù, ó lágbára, ṣùgbọ́n nígbà tó tàn án, ó ń kùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Èkejì ò ní fáànù rárá. Irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ló fi ń tú ooru dànù, kò sì dún pín-ín. Mo rántí etí kan ṣoṣo yẹn. Mo mú aláìdún.

"Àǹtí, ẹ má bò ó o," ni ọlọ́jà wí. "Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ."

"Mo mọ̀," ni mo dá a lóhùn kó tó sọ̀rọ̀ tán.

Mo dé Òsí lọ́jọ́ Sátidé. Ọyẹ́ ti mú, eruku pupa ti bo gbogbo fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí bàbá tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo ti fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, mo sì tàn án sílẹ̀ dè wọ́n. Mo rí eruku tó ń bà lé e. Ní páálọ̀ wa, kò sí ohun tó ń lo iná tí kì í wọṣọ. Rédíò, tẹlifíṣàn, fíríìjì, gbogbo wọn ni màmá mi fi òwú funfun hun aṣọ fún. Ẹni tó bá fi wọ́n sílẹ̀ níhòòhò nígbà ọyẹ́, ọ̀bùn ni lójú wọn. Ọwọ́ mi nà, ó mú ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà, ó dà á bo kọ̀ǹpútà. Mi ò tiẹ̀ ronú. Inú mi dùn pé ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Bàbá wọlé, wọ́n rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín. "O mà ṣe é bíi ti ìyá rẹ."

A jẹun, a jókòó. Màmá mi yọ lójú tẹlifíṣàn, wọ́n hàn kedere, èèpo ń bọ́ lára iṣu lọ́wọ́ wọn. Bàbá yí etí ọ̀tún síbẹ̀. Wọ́n gbọ́ èébú, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ "Ọmọ a-gòkè..." Èjìká wọn gbéra. Àfi bí ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe ya bo ojú màmá, tí gbogbo ẹ̀ sì ṣókùnkùn. Mo ká aṣọ náà kúrò. Ooru tó jáde níbẹ̀ dà bíi ti agbada àkàrà. Káàdì náà ti jóná.

"Kí ló wá wí tẹ̀lé e?" ni bàbá béèrè. Mo mọ oríkì náà, mo lè kì wọ́n, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń dúró dè.

Ó yẹ kí n lọ ra oní-fáànù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìgbéraga ò jẹ́. Mo ní aláìdún mìíràn ni màá rà, kò sí fáànù tó máa bo ohùn màmá mi mọ́lẹ̀. Ọlọ́jà ní kò sí, mo ní màá dúró. Mo dúró títí ọyẹ́ fi lọ, títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Bàbá máa ń béèrè lórí fóònù. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́, aládùúgbò ló ń bá wọn gba ìpè. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni.

Nígbà tí Ọdún Àjíǹde tún dé, mo gba kámú, mo ra oní-fáànù, mo gbé e lọ sílé. Mo tàn án. Ó bú ramúramù, ariwo ẹ̀ gba gbogbo páálọ̀, ojú sì tì mí. Màmá mi tún ń bẹ iṣu. Mo ń ṣọ́ ojú bàbá kí n lè bẹ̀ wọ́n nítorí ariwo náà. Wọ́n fa àga sún mọ́ ọn, wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu màmá.

"O kú uṣẹ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Èyí dáa. Éè pa aruwo rárá."

Mo wo etí ọ̀tún wọn. Lábẹ́ ariwo fáànù, mo gbọ́ màmá gedegbe, wọ́n ti dé ibi "Ọmọ a-gòkè".

"Fi ohùn sí i ná," ni bàbá wí. "Ṣé ó ti ń kì mí?"

Mo ti gbé ohùn sókè dé òpin. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi gbé èjìká wọn sókè díẹ̀.