Iyọ̀ Ẹ̀ẹ̀mejì Nílé Búrẹ́dì Ìyá Mi

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí oko ṣì pọ̀ ju ilé lọ n'Íkòtún, ìyá mi ní ilé búrẹ́dì kékeré kan. Èèyàn mẹ́fà péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àgbà wọn ni màmá kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ló ń po ìyẹ̀fun. Màmá yìí ju ìyá mi lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, ìyá mi sì máa ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀ kó tó di pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó ń kúnlẹ̀ fún òṣìṣẹ́ rẹ̀! Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni níbi gbogbo.

Ìyá mi ní òfin kan: tí òṣìṣẹ́ bá ṣàṣìṣe, inú yàrá ni wọ́n ti ń bá a sọ ọ́, kì í ṣe lójú àwọn yòókù.

Àfi ọjọ́ kan. Màmá lọ kírun, wọ́n fi ìyẹ̀fun tí wọn ò tíì pò sílẹ̀ nínú ọpọ́n. Èmi aláṣejù, mo rò pé wọ́n gbàgbé iyọ̀, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i tẹ́lẹ̀. Búrẹ́dì ọjọ́ náà ò ṣe é fi sẹ́nu, àwọn oníbàárà kó o padà láti Ìgàndo. Inú bí ìyá mi débi pé wọ́n gbàgbé òfin ara wọn. Lójú gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti sọ pé ogbó ti dé sí Màmá, kí wọ́n máa lọ sinmi nílé.

 Màmá bọ́ aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ká a jẹ́jẹ́, wọ́n ń di ẹrù. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ-ọmọ méjì tí kò níyàá. Mo fẹ́ dákẹ́ o, ẹ̀yin náà ì bá dákẹ́, ẹ má tan ara yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá fọwọ́ pa mí lórí pé ó dàbọ̀, mo bú sẹ́kún, mo jẹ́wọ́.

Ìyá mi ò nà mí. Wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ padà, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Màmá lórí ilẹ̀ tí ìyẹ̀fun dà sí.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹyin lọ̀rọ̀, tèmi ti balẹ̀. Ojú gbogbo wọn ni mo ti bú yín, ojú gbogbo wọn náà ni mo ti ń bẹ̀ yín. Ẹ má lọ."

Màmá gbé wọn dìde, wọ́n sì bá wọn gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórúnkún. A jọ wà títí Màmá fi re ibi àgbà ń rè.

Ayé ti yí padà ṣá. Ọmọbìnrin mi tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ l'Égbẹ́dá, orí fóònù ló ti ń darí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bú télọ̀ rẹ̀ kan lórí wọ́sáàpù nítorí aṣọ oníbàárà tó rán kéré, níbi tí gbogbo wọn ti ń ka ọ̀rọ̀. Ìgbà tó yá ló rí i pé òun fúnra òun lòun ṣi ìwọ̀n aṣọ náà kọ. Ó ní òun máa pe obìnrin náà sí kọ̀rọ̀, òun á bẹ̀ ẹ́. Mo ní ìyẹn ò tó. Ó rojú, agídí rẹ̀ jọ tèmi jàre, ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí fún un. Ó mú fóònù, ó sì tọrọ àforíjì níbi tó ti bú u gan-an.

Kò síbi téèyàn ti lè kúnlẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, inú mi dùn bí ẹni tó tún fojú kan ìyá rẹ̀.